Iná Tó Ń Mì Lẹ́yìn Gíláàsì

Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá tú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sínú ìdérí rẹ̀ kó tó dé e padà. Kì í ṣe ìwé gígùn. Ọjọ́ tí o ṣe é, ohun tí o ṣe, àti orúkọ rẹ, gbogbo rẹ̀ ní pẹ́ńsù, kí ẹni tó bá máa tú u lẹ́yìn rẹ lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í kọ̀wé púpọ̀. Ìdérí rédíò ìbáà fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun, ìlà kan péré ni yóò kọ sí i. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ ọ́ kún.

Ọdún kọkànlá rèé tó ti kú, ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe sì ti di tèmi. Mo ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, mo ti ní ọmọ-ọmọ kan, síbẹ̀ Ọmọ Onírédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, kò dùn mí. Ìgbà tó kú tán tí wọn ò pa á dà ló wá ń dùn mí. Mo máa ń bi wọ́n nínú ọkàn mi pé, ta ló ń tún rédíò yín ṣe báyìí, ṣé òkú ni àbí èmi? N kò bi wọ́n síta rí, torí mo mọ ara mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, n kì í mọ ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọlé, òun àti onítakisí tó gbé e wá jọ gbá rédíò onígi ńlá kan mú. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ bàbá náà lójú. Bàbá Atẹ̀wé la máa ń pè é. Ogójì ọdún ló fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ariwo ẹ̀rọ náà ló sì gba etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ o, ó tiẹ̀ ń sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ dá a lóhùn, àfi kí o kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀.

Mo wò ó, mo wo rédíò. Kí ni adití ń fi rédíò ṣe? N kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ojú mi kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì rí i. Ó fà mí sẹ́yìn káńtà, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìyá òun ló máa ń ta gìtá béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn obìnrin kan nígbà ayé rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tó ti kú. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ohùn ẹgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́, bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàbá òun á ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò, á fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, á sì jókòó síbẹ̀ títí yóò fi parí, ojú rẹ̀ á wà lára iná tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Bó bá parí, á béèrè oúnjẹ. Nígbà tí ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, oṣù méjì gbáko ni bàbá òun fi kọjú sí ògiri tí kò dìde, rédíò yìí ló gbé e dìde. Ní báyìí, gílóòbù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì ti kú, méjì tó kù ń ṣe ránńdúnránńdún.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Iná yẹn ló gbé bàbá mi dúró. Bó bá kú, mi ò mọ ohun tí mo máa fi dì í mú."

Bàbá náà ti súnmọ́ wa. Ó fi ọwọ́ kan orí rédíò náà, ó wò mí lójú, ó ní, "Mo kàn fẹ́ kó rí bó ṣe máa ń rí ni."

Mo gba ìwé rẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé yóò dára ju bó ṣe máa ń rí lọ. Ó kà á. Ó tún un kà, ó sì ki ìwé náà padà sínú àpò àyà rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ irú iná tí mò ń sọ? Nínú rédíò àtijọ́, àwọn gílóòbù kéékèèké ló máa ń wà lẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ rédíò sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju orí ìka lọ. Okùn irin tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí iná bá dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì pọ́n bí oyin. Wọ́n máa ń gbóná, wọ́n máa ń sun ike tó yí wọn ká, bó pẹ́ bó yá, okùn náà á já. Àwọn tó ń ṣe wọ́n ti ṣíwọ́. LED ni gbogbo àwa oníṣẹ́ ń fi rọ́pò wọn báyìí, iná wẹ́wẹ́ tí kì í gbóná, tí kì í sì í tètè kú. Èyí tí mo bá fi sínú rédíò yín lónìí, ó lè sin èmi, kó sì tún sin ẹ̀yin náà.

Ṣùgbọ́n LED ní ìwà tirẹ̀. Iná tó ń jáde láti inú tirafọ́mà, ohun tó ń dín agbára iná kù fún rédíò, máa ń lọ síwájú, á tún padà sẹ́yìn. Gílóòbù àtijọ́ kò bìkítà, LED ni yóò máa ṣẹ́jú. Oníṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe á tọ́ iná náà kó lè máa gba ọ̀nà kan, á wá fi kàpásítọ̀ gbà á dúró. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní táńkì omi lókè ilé. Omi ìta ìbáà máa ṣe ségesège, ẹni tó ń wẹ̀ nínú ilé kò ní mọ̀.

Mo tú ìdérí rédíò náà. Ìkọ̀wé bàbá mi ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn ló kọ ọ́, lásìkò tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń kọ́ ohun tí mo rò pé òun kò mọ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Iná ń mì bí béèsì bá dún. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kékeré, bó ṣe máa ń kọ ọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Bàbá mi yìí kan náà ló ní kí n tú wáyà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀méje nítorí pé òjé tí mo jó mọ́ ọn kò dán. Òun ló máa ń sọ fún mi pé iná tó bá ń mì, ìtìjú oníṣẹ́ ni. Òun náà ló wá rí iná tó ń mì, tó fi í sílẹ̀, tó tún buwọ́ lù ú. Mo ní, hàà, bàbá, iṣẹ́ náà borí yín lọ́jọ́ yẹn.

Mo tan rédíò náà, mo fi kásẹ́ẹ̀tì tèmi sí i, mo yí ohùn rẹ̀ sókè. Òótọ́ ni. Bí béèsì bá ti dún báyìí, gílóòbù méjì tó kù á wálẹ̀, wọ́n á tún gòkè. Ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀. Orísun kan náà ni ohùn àti iná ti ń mu, nínú gbogbo ohùn tó sì ń jáde nínú rédíò, béèsì ni ọ̀mùtí. Bó bá ti gbé tirẹ̀ mu, ìwọ̀nba ló ń kù fún gílóòbù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. LED funfun ni mo kọ́kọ́ dán wò, iwájú rédíò náà sì rí bí inú fíríìjì. Mo yọ ọ́. Mo wá èyí tó pọ́n díẹ̀, mo gé bébà fẹ́lẹ́ sẹ́yìn gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ náà lè tàn káàkiri. Mo ya ọ̀nà tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un láti ìdí tirafọ́mà, mo tọ́ ọ, mo fi kàpásítọ̀ ńlá gbà á dúró. Nígbà tí mo tàn án tí mo yí ohùn sókè títí àwọn tọ́nàfíìsì tí mo fi ń tú ẹ̀rọ fi ń jó lórí tábìlì, iná náà dúró gbọn-in bí ògiri. Mo mú pẹ́ńsù. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìkọ̀wé bàbá mi pé mo yọ gílóòbù mẹ́rin, mo fi LED mẹ́rin sí i, mo tọ́ iná, mo gbà á dúró, iná kò mì mọ́. Orúkọ mi lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni mo kọ sí i, ó sì tóbi ju ti bàbá mi lọ ní ìlọ́po méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí, ì bá rán mi létí pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Bàbá mi tún ní òfin kejì: ohun tí o bá yọ nínú ẹ̀rọ oníbàárà, dá a padà fún un, ìbáà ti kú. Mo kó gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ẹ́ńfílóòpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rédíò náà.

Nígbà tí wọ́n wá gbé e, mo ti tàn án sílẹ̀. Tíṣà pàtẹ́wọ́ bíi ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bàbá Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú súnmọ́ gíláàsì náà tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi bò ó. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì tèmi bọ̀ ọ́, mo yí i sókè kó lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n lára pákó. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó wo iná náà, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ ṣé o, ìyá. Iṣẹ́ yín mọ́."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ mi ni mò ń wò lọ́jọ́ náà, n kò wo ojú rẹ̀. Mo gba oríyìn mi, mo jókòó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, tíṣà padà wá, òun nìkan. Ó ti rù. Ó ní láti ọjọ́ táwọn gbé rédíò délé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá òun tan kásẹ́ẹ̀tì náà, kò sì dé ìdajì tó fi pa á. Ó mú síkáàfù ìyá òun kan, ó fi bo rédíò náà, ó lọ dùbúlẹ̀. Kò tàn án mọ́ látìgbà náà. Ó tún ti kọjú sí ògiri bíi ti ìjọ́sí. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, á jẹ ṣíbí méjì. Òun bi í bóyá nǹkan ṣe rédíò náà, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ó dára, kí wọ́n má lọ yọ ọmọbìnrin ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu.

Inú bí mi. Mo ní kò sí ohun tó ṣe iṣẹ́ mi. Tíṣà ní òun kò sọ pé nǹkan ṣe é. Mo ní ohun tó sọ gan-an nìyẹn, ó kàn dọ́gbọ́n sọ ọ́ ni. Ó kàn ń wò mí, omi ti ń dé sí i lójú, ojú wá tì mí. Ó ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ń dúró de òun, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé, ó bẹ̀ mí kí n kàn lọ wò ó. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án gangan. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a sin bàbá mi.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Pálọ̀ kékeré kan ni, àga kan ló wà níwájú rédíò, apá rẹ̀ ọ̀tún ti họ níbi tí ọwọ́ máa ń wà. Gìtá béèsì fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, okùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dípẹtà. Bàbá Atẹ̀wé ti rí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó dìde nítorí ẹ̀yẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé iṣẹ́ mi dára, pé kò sí ohun tó ṣe é, pé ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo gba ìwé àpò rẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé: "Bàbá, n kò wá gba oríyìn. Kí ni mo bà jẹ́?"

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ká síkáàfù kúrò lórí rédíò, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó yí ohùn sókè títí fèrèsé fi ń gbọ̀n. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn. Obìnrin kan ń kọrin, ohùn rẹ̀ ga. Lábẹ́ orin rẹ̀, gìtá béèsì ń rìn lọ jẹ́jẹ́, kò kánjú, kò pẹ́ lẹ́yìn. Bàbá náà na ìka sí gíláàsì.

"Ṣé ẹ rí i?" ó bi mí.

Mo kọ ọ́ pé mo rí iná náà, ó dúró dáadáa.

"Ó dúró," ó ní. "Ìyàwó mi kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo wo iná, mo wo gìtá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo fa pákó ìjókòó kan, mo jókòó, ó sì sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní nígbà tí etí òun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ohùn ọmọ, lẹ́yìn náà ohùn èèyàn. Ó fi pa mọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin tí ẹ jọ ń sùn, tí ẹ jọ ń jí, ẹ fẹ́ fi irú rẹ̀ pa mọ́ fún un! Ìyàwó náà ti mọ̀ tipẹ́, ó kàn ń wò ó ni. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì yìí, ó ṣàkíyèsí pé ọkọ òun ń mi orí sí orin náà bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára iná. Ó tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ó rí i pé gbogbo ìgbà tí ọwọ́ òun bá kan okùn gìtá nínú orin náà, iná yẹn á tẹ̀ríba. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Gbogbo ọdún tó fi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, akọrin ni gbogbo ayé ń gbọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ oníbéèsì, ó sì máa ń dùn ún. Ṣùgbọ́n iná yẹn kò mọ akọrin rí. Akọrin ìbáà kígbe títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ, iná náà kò ní yẹ̀. Oníbéèsì nìkan ló ń dá lóhùn.

Lọ́dún náà ni ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn rédíò sókè bàjẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì gbé e lọ fún bàbá mi. Bàbá mi tún un ṣe tán, ó rí iná tó ń mì, ó ní òun á bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó ní bàbá mi gbọ́ ọ tán. Ó kàn mú pẹ́ńsù.

"Nígbà tí ìyàwó mi gbé e délé," Bàbá Atẹ̀wé ní, "ó gbé mi jókòó síbí. Ó kọ ọ́ síwèé fún mi pé, bí mi ò bá gbọ́ òun mọ́, kí n máa wo òun níbẹ̀."

Mo wá mọ ohun tí ìlà kan yẹn ń sọ. Iṣẹ́ kò borí bàbá mi. Ó rí àbùkù náà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tó là, ó buwọ́ lù ú kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè ronú kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo kà á, mo fi rẹ́rìn-ín. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìyàwó bàbá yìí ti kú lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì, mo sì kọ orúkọ mi gàdàgbà sí i. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì ráyè nù ún, ọwọ́ mi ti wà nínú àpò irinṣẹ́.

Mo béèrè ẹ́ńfílóòpù. Ó yọ ọ́ látinú dúrọ́ọ̀. Mo da àwọn gílóòbù náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé wọn síhà fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ni mo ti mọ̀ pé wọ́n kú. Nínú méjì tó kù, okùn ọ̀kan ti já, ó ní láti jẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Mo kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síwèé fún un: èyí lè tàn di ọdún tó ń bọ̀, ó sì lè kú lọ́la, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá lè jókòó tì mí, a máa lo ọ̀kan yìí láti fi kọ́ àwọn LED níṣẹ́.

Ó ní, "Kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe?"

Mo gé ọ̀nà tí mo yà sọ́tọ̀ fún iná. Mo yọ kàpásítọ̀ ńlá tí mo fi yangàn. Mo so LED mẹ́ta mọ́ ibi tí ohùn gan-an ti ń mu, mo fi rẹsísítọ̀ tó ń dín agbára iná kù sáàárín kó má bàa jó wọn. Mo ki gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo náà bọ ihò rẹ̀, ó wà láàárín wọn. Ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ náà, bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni mo rí tó ń ṣe é, ǹ bá gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mò ń fi ọwọ́ ara mi ṣe iná tó ń mì.

Ìgbà àkọ́kọ́, àwọn LED fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá bí béèsì bá ti dún. Bàbá Atẹ̀wé mirí. "Ìyẹn ń lu gìtá bí ẹni ń gbọn ẹní," ó ní. "Ìyàwó mi kì í fọwọ́ líle." Mo pààrọ̀ rẹsísítọ̀. Wọn kò mì tó mọ́. Ó ní ìyẹn ń tòògbé. Ìgbà kẹta, wọ́n mì bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń já wálẹ̀, wọ́n ń fò sókè, nígbà tí gílóòbù àtijọ́ ń wálẹ̀ jẹ́jẹ́ tó sì ń gòkè jẹ́jẹ́ bí àyà ẹni tó sùn. Mo tú gbogbo àpò mi sílẹ̀. Mo rí kàpásítọ̀ kan tó kéré jù lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí mo yọ. N kò fẹ́ kó gba iná dúró, mo kàn fẹ́ kó má jẹ́ kó máa fò. Mo jó o mọ́ ọn. Bàbá dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún tàn án.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ lọ sílẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ gòkè. Bí mo bá fi ojú oníṣẹ́ wò ó, mo lè fi ọ̀kan hàn yín nínú wọn tí kò bá àwọn yòókù dọ́gba tán.

Mo yíjú sí i kí n lè mọ ohun tí yóò sọ. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì ti ń rìn lórí síkáàfù tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ọwọ́ ẹni tó ń ta okùn. N kò mọ ohun tó gbà mí tí mo fi ki ìka bọ etí mi méjèèjì, mo dì wọ́n pa dáadáa. Gbogbo ariwo náà lọ. Iná nìkan ló kù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó gbé méjì kíákíá, ó wá fa ẹyọ kan gùn. Mo rí i pé obìnrin ni, mo rí i pé kò kánjú. Ó wá dé ibì kan tí iná náà mọ́lẹ̀ rekete tí kò mì rárá, mo sì rò pé kásẹ́ẹ̀tì ti há. Bàbá gbé ìka kan sókè. Mo yọ ọwọ́ létí.

"Ó ń mí," ó ní. "Ibí ló ti máa ń dúró kó tó wọlé."

Iná náà tẹ̀ríba.

Tíṣà ti dé láti ibi iṣẹ́, mi ò mọ ìgbà tó wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́rùn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo ọdún tí òun fi ń wo bàbá òun níwájú rédíò yẹn, òun rò pé ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbọ́ràn ni, kí wọ́n má bàa káàánú rẹ̀. Òun kò mọ̀ pé ìyá òun ló ń wò.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì parí, Bàbá Atẹ̀wé béèrè oúnjẹ. Ọmọ rẹ̀ sáré wọ ilé ìdáná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi, mo fẹ́ yọ gílóòbù àtijọ́ náà kí n fi LED kẹrin sípò rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má yọ àgbà yẹn."

Mo kọ ọ́ pé yóò kú o.

"Mo mọ̀," ó ní. "Kó tó kú, àwọn yòókù á ti mọ ọwọ́ rẹ̀."

Mo dojú ìdérí kọ òkè lórí ẹsẹ̀ mi. Ìkọ̀wé bàbá mi wà níbẹ̀, tèmi wà lábẹ́ rẹ̀ bí pátákó ìpolówó. Mo fi ìrésà pa tèmi rẹ́, gbogbo rẹ̀, títí kan orúkọ. Ó fi àbàwọ́n sílẹ̀, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọjọ́ sí i. Mo kọ ọ́ pé: "Iná ń mì bí béèsì bá dún. Èmi náà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó wá ku orúkọ. Mo di pẹ́ńsù mú fún ìgbà díẹ̀. Mo kọ ọ́ kékeré, kó má bàa tóbi ju ti òkè rẹ̀ lọ: Ọmọ Onírédíò.